Aṣọ Júdò Ọmọ Aránṣọ

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Mo kí yín gan-an. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó ìdí máṣíìnì. Ṣé ẹ̀yìn ò dùn yín mọ́? Ṣé Àǹtí mi wà dáadáa, ṣé bébà àti bírò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wọn? Èmi náà wà, ọpẹ́ ni. Ẹ ní n máa kọ lẹ́tà, pé lórí fóònù ẹ máa ń gbàgbé gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, ẹ wá ń pariwo bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Mo ti gbà. Lẹ́tà rèé.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ló gbọ́dọ̀ mú eré ìdárayá kan. Ẹni tí kò bá mú, máàkì rẹ̀ á dín. Èmi fẹ́ kọ́ ìjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde lórí àga, ẹ kà á tán.

Ẹ mọ̀ pé mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí mo ti ń kó àwo kúrò lórí tábìlì, tí mo sì ń fọ̀ wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan ní mo gbé àwo òun kí òun tó jẹun tán. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, kò sì fi mí sílẹ̀ títí ó fi bú mi tán. Gbogbo àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ ń wò wá. Bàbá mi, ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo ní kó má bínú. Òun ló dì mí mú, èmi ni mò ń bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni inú mi ò ti dùn sí ara mi. Tí mo bá dé yàrá, màá ti ilẹ̀kùn, mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Ní Sátidé, wọ́n kó gbogbo ẹgbẹ́ eré ìdárayá jọ sí gbọ̀ngàn kan kí kálukú lè yan èyí tó wù ú. Àwọn tó ń kọ́ni níjà pọ̀ ju àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbà pé ìjà lòun ń kọ́ni. Olùkọ́ kàráté ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ni, ó sì fi ọwọ́ la pákó sí méjì. Ti tàìkwọ́ńdò ní ìwà pẹ̀lẹ́ ni, ó sì ju ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹnì kan tó dúró jẹ́ẹ́. Ti ẹ̀ṣẹ́ jíjà ní ìfẹ́ ọmọnìkejì ni. Imú rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Ọ̀gbẹ́ni kan tún wà tó ní ti òun ò lórúkọ, pé afẹ́fẹ́ inú ara lòun fi ń gbé èèyàn ṣubú. Ó ní kí n wá ti òun. Mo tì í, ó ṣubú, ó ní ẹsẹ̀ òun ló yọ̀. Tí gbogbo wọn bá ń wá àlàáfíà báyìí, ta wá ni wọ́n ń bá jà?

Mi ò lè yan ìkankan láìgbọ́ tẹnu yín. Èwo ni kí n mú? Tí oṣù yìí bá ti parí, wọn ò ní gba orúkọ mọ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Èmi ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá

Abẹ́rẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Ara mi le. Ẹ̀yìn ń dùn mí níwọ̀nba tó yẹ kó máa dun aránṣọ. Àǹtí rẹ kí ọ, ó ní kó o máa jẹun.

Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo sì ń sọ ọ́ lọ títí Àǹtí rẹ fi ní òun ti gbọ́. Mo rán ọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kí o lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, o fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá èèyàn létí. Tó bá jẹ́ ìgbátí ni, ṣé o ò lè kọ́ ọ nílé?

Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ka lẹ́tà náà sí etígbọ̀ọ́ àwọn àgbà àdúgbò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Sójà wá, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ tí kò tíì bọ́ bàtà. Onígbàjámọ̀ wá. Alápatà náà wá, òun àti ọ̀bẹ rẹ̀. Sójà ní ẹ̀ṣẹ́ jíjà ni kó o mú, pé òun fi ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo dá ogun dúró rí. A bi í pé ogun wo, ó ní àṣírí ìjọba ni. Onígbàjámọ̀ ní tàìkwọ́ńdò ni, torí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń jà á, irun rẹ ò ní bàjẹ́. Alápatà ní ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó jà rí nínú wa, pé ó sàn ká fi ọmọ náà sílẹ̀ kó yan fúnra rẹ̀. A ní ká gbàgbé ìyẹn. A dìbò, tàìkwọ́ńdò ló wọlé. Sójà ní a ṣe màgòmágó ìbò, ó bínú jáde, a sì ń gbọ́ bàtà rẹ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀ àdúgbò.

Ní tèmi o, kí ló ṣe bọ́ọ̀lù orí tábìlì? Kò sẹ́ni tó ń di èèyàn mú níbẹ̀. Tábìlì ńlá wà láàárín yín.

Ọkùnrin yẹn ńkọ́, irú ṣẹ́ẹ̀tì wo ló wọ̀? Ṣé kọ́là rẹ̀ dúró? Ẹni tó bá lè di ọmọ ọlọ́mọ mú nítorí àwo oúnjẹ, mo mọ̀ pé aṣọ rẹ̀ ò lè jókòó dáadáa lára rẹ̀. Mi ò sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti ka ibẹ̀. Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tó bá le. Lóòótọ́, bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ, ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ náà má lọ máa wá adìẹ kiri.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú àárò mi, ẹ kú ìpàdé. Ẹ bá mi kí ìgbìmọ̀ lápapọ̀, ẹ sì bá mi bẹ Sójà. Kí lẹ́tà yín tó dé, mo ti lọ tọ́ wọn wò níkọ̀ọ̀kan.

Mo dé ibi kàráté, wọ́n ní kí n pariwo. Mo pariwo, olùkọ́ ní ohùn mi dà bíi ti ẹni tó ń tọrọ àyè kọjá. Mo dé ibi tàìkwọ́ńdò tí ẹ dìbò fún. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè, èkejì tẹ̀ lé e. Níbi ẹ̀ṣẹ́ jíjà, ọmọbìnrin tí wọ́n fi kò mí rọra kàn mí nímú, èmi ni mo tún ní kó má bínú. Ó bi mí pé kí ló ṣe òun tí òun fi máa bínú.

Ni mo bá lọ sí ibi júdò. Ní tiwọn, wọn kì í kan ẹ̀ṣẹ́, wọn kì í ju ẹsẹ̀. Aṣọ ara yín lẹ máa dì mú, ẹ ó máa fa ara yín títí ẹnì kan á fi ṣubú sórí ẹní tó nípọn. Olùkọ́ wọn jẹ́ obìnrin kúkúrú, ó ki bíi kùkùté igi, Màmá Ẹní ni mò ń pè é nínú ọkàn mi. Òun nìkan ni kò sọ fún mi pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ni. Ó ní ìjà ni. Ó ní màá ṣubú gan-an, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣubú láìfarapa lòun máa kọ́kọ́ kọ́ mi. Nígbà tí mo padà lọ, ó pe orúkọ mi, ó sì pè é bó ṣe yẹ. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, kò sí ẹlòmíì tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi, júdò ni mo yàn. Ẹ má bínú pé ìbò yín ṣòfò. Ìdíje kékeré kan ń bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá fún àwa tuntun. Ẹni tó bá ṣe dáadáa ni wọ́n máa mú sínú ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá ṣe dáadáa, wọ́n á ní kó lọ máa bá àwọn arúgbó nara láàárọ̀. Mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yìí ju bí mo ṣe fẹ́ máàkì lọ. Àwọn nìkan ni wọ́n mọ̀ mí níbí.

Aṣọ tí wọ́n ń yá wa tóbi jù, ẹni méjì bíi tèmi á gba inú rẹ̀. Màmá Ẹní ní mo lè wọ ti ara mi. Kọ́tọ́ọ̀nù funfun tó nípọn ni, kò ní bọ́tìnnì, kò ní àpò, ìgbànú ni wọ́n fi ń dì í. Kọ́là rẹ̀ máa ń le, torí kọ́là àti apá ni wọ́n máa ń dì mú jù. Ẹ mọ ìwọ̀n mi. Ta ni mo tún fẹ́ bẹ̀?

Èmi ni,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá

Abẹ́rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Inú mi dùn pé ẹnì kan pe orúkọ rẹ bó ṣe yẹ. Bá mi kí i, bó tiẹ̀ jẹ́ ìjà ló ń kọ́ni.

Aṣọ rẹ rèé. Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, kò sẹ́ni tó wá bá mi rí pé kí n rán aṣọ tí wọ́n máa fà. Gbogbo oníbàárà mi ló ń bẹ̀ mí kí aṣọ àwọn má fà. Aṣọ tí ò ní bọ́tìnnì, tí ò ní àpò: níbo lẹ ń fi owó mọ́tò sí tẹ́ ẹ bá jà tán? Mo fi àpò kékeré kan sí inú, lápá òsì. Má sọ fún wọn.

Sójà ti dárí jì ọ́, ó ní kí o máa wo ẹni náà lójú. Onígbàjámọ̀ ti lọ wo fíìmù júdò, ó sì ti ń kọ́ àwọn tó ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan sá jáde pẹ̀lú ìdajì orí.

Mo rò ó títí kí n tó rán apá rẹ̀. Mo ro ohun tó o sọ, pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dì mú jù. Mo wá rán an bí bàbá ṣe yẹ kó rán an. Má jẹ́ kí aránṣọ kankan lọ́hùn-ún fọwọ́ kàn án, má sì fi ṣe ìdánrawò, kó má baà dọ̀tí. Ọjọ́ ìdíje gan-an ni kó o tó wọ̀ ọ́.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejìlá

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo dúpẹ́ fún aṣọ. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, gbogbo ẹgbẹ́ ló wá fọwọ́ pa á, wọ́n ń bèèrè ẹni tó rán an. Mo ní bàbá mi ni, orí mi sì wú.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni èyí tó kù. Wọ́n pè mí jáde. Ọmọbìnrin kan láti kọ́lẹ́ẹ̀jì míì ni wọ́n fi kò mí, ó ga, ó sì le. Rẹfirí ní ká bẹ̀rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di apá òsì mi mú, ó fà á. Apá aṣọ náà bá a lọ. Odidi apá, láti èjìká. Torí pé gbogbo agbára ló fi fà á, ó fi ìdí jókòó, ó gbá apá aṣọ mi mọ́ àyà. Mo rò pé bóyá wọ́n máa ní mo borí. Rẹfirí ní ká tún bẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó di apá ọ̀tún mú, ìyẹn náà lọ. Mo wá dúró láàárín ẹní bí ẹni tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, owó mọ́tò mi sì ń já bọ́ láti inú àpò tẹ́ ẹ ní n má sọ fún wọn. Gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin yẹn ń bẹ̀ mí, ó rò pé òun ló ba aṣọ mi jẹ́. Rẹfirí àti ẹnì kejì rẹ̀ ṣí ìwé òfin títí, wọ́n ní ẹni tí aṣọ rẹ̀ ò bá pé lára ti fìdí rẹmi.

Nígbà tí mo dé yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo wo ibi tí apá náà ti já. Òwú ọwọ́ ni mo rí níbẹ̀, gátagàta, irú èyí tí ẹ fi ń di aṣọ mú kí oníbàárà lè kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò. Máṣíìnì ò débẹ̀ rárá. Bàbá mi, mi ò fẹ́ rí yín fín. Ṣé ojú yín ni? Ṣé ẹ gbàgbé ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà ojú. Tí iṣẹ́ bá ti ń wúwo jù fún yín, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ìyẹn ń bà mí lẹ́rù ju pé mo fìdí rẹmi lọ.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejìlá

Abẹ́rẹ́,

Mo kí ọ. Ojú mi dára. Mo ń ki òwú bọ inú abẹ́rẹ́ bí mo ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Èmi, kí n gbàgbé apá? Láti ìgbà tí mo ti parí iṣẹ́ kíkọ́, mi ò gbàgbé bọ́tìnnì kan rí. Mo ka lẹ́tà rẹ fún Àǹtí rẹ, àṣìṣe gbáà. Láti ìgbà náà ló ti ń na ìka sí mi lójú, tó ń ní mélòó ni.

Ohun tí mo ṣe, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. O sọ fún mi pé apá ni wọ́n máa dì mú. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọkùnrin ilé oúnjẹ yẹn, ṣé o rò pé màá rán apá tó le mọ́ ọ lára kí ẹlòmíì tún fi dì ọ́ mú? Mo rán an kí apá lè kù sí wọn lọ́wọ́, kí ìwọ ráyè máa lọ sílé. Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní ń bógun lọ. Èmi ò bí akínkanjú, ọmọ ni mo bí, ẹyọ kan.

Aṣọ náà sì ṣiṣẹ́. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé ẹni tó dì ọ́ mú ló fi ìdí jókòó. Sójà ní òun ò rí irú ọgbọ́n ogun bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí kò yé mi ni pé apá já, ọ̀nà ṣí sílẹ̀, o ò sá. Kí lo dúró ń wò?

Bàbá rẹ tó ríran


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá

Bàbá,

Ẹ dárí jì mí tí ìkíni mi ò bá gùn.

Ẹ ní kí ni mo dúró ń wò. Mo dúró torí pé mo fẹ́ dúró ni. Mo ti mọ̀ ọ́n sá tipẹ́, mo mọ̀ ọ́n bẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi: má bá wọn fà á, yà fún wọn, máa kọjá lọ. Mo kọ́ ọ dáadáa débi pé ẹni tó bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, èmi ni màá tọrọ àforíjì. Aṣọ tó máa jẹ́ kí n rọ́nà sá kọ́ ni mo bẹ̀ yín fún. Mo fẹ́ kí wọ́n dì mí mú dáadáa, kí n sì wà níbẹ̀. Tí mo bá máa ṣubú, kí n ṣubú pẹ̀lú apá aṣọ mi. Ẹ dá ìpinnu ṣe fún mi, ẹ ò sọ fún mi, odidi gbọ̀ngàn ló sì rí àbájáde rẹ̀.

Màmá Ẹní ní òun á fún mi láàyè kan sí i ní oṣù kejì. Ó ní aṣọ ló fìdí rẹmi, èmi kọ́. Tí mi ò bá ṣe dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn. Mo ti gbé aṣọ náà lọ fún aránṣọ kan nítòsí ibí. Iṣẹ́ rẹ̀ ò dára, ṣùgbọ́n ó lo máṣíìnì.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò rí èsì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aránṣọ yẹn le, mo sì mọ̀ ọ́ nígbà tí mò ń kọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Àràárọ̀ ni mò ń yẹ àpótí lẹ́tà wò, ìwé ìpolówó ọjà nìkan ni mò ń bá níbẹ̀. Ṣé ara yín le?

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

Àǹtí rẹ ni o, lórí bébà tó yẹ kí n tà. Bàbá rẹ wà láàyè. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọ, ìyẹn ló jẹ́ kí n tètè kọ ọ́.

Nígbà tó ka ibi aránṣọ kejì nínú lẹ́tà rẹ, ó fa tépù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn tábìlì. Mo bi í pé ta ló fẹ́ rán aṣọ fún tábìlì, ó kọjá sídìí àga, ó wọn ìyẹn náà. Sójà wá gbà á níyànjú, ó wọn òun náà. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ dun òun. Inú iṣẹ́ rẹ̀ ló ti máa ń yọjú.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, máṣíìnì ti ń dún. Lánàá, nǹkan kan dún gbì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo sáré dé ibẹ̀, mo bá a nílẹ̀ gbalaja, alápatà dúró lé e lórí. Mo figbe ta. Wọ́n ní kí n jáde, pé iṣẹ́ làwọn ń ṣe. Mi ò mọ irú iṣẹ́ tí alápatà ń bá aránṣọ ṣe nílẹ̀. Bóyá ó máa yé ìwọ tó lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Àǹtí rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní

Abẹ́rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ara mi le, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìbàdí ń dùn mí. Mo mọ̀ pé Àǹtí rẹ ti kọ̀wé sí ọ, torí kò jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin.

Aṣọ tuntun ló wà nínú páálí yìí. Èyí tí ẹni yẹn fọwọ́ kàn, fi nu ilẹ̀. Kò sí àpò nínú èyí. Mo fi aṣọ míì tẹ́ èjìká rẹ̀ nísàlẹ̀, mo sì fi máṣíìnì rán apá rẹ̀ ní àránlé àránlé títí abẹ́rẹ́ fi ń bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n aránṣọ kì í fi ẹnu lásán sọ pé aṣọ le. Mo fi kọ́ ara ìṣó, mo fà á, ìṣó ló yọ. Ìṣó kì í ṣèèyàn, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ni mo bá wọ̀ ọ́ fúnra mi. Ó fún mi láyà, ṣùgbọ́n ó wọ̀. Mo pe alápatà, mo ní kó di apá àti kọ́là mi mú, kó gbé mi ṣánlẹ̀. Ó kọ̀, ó ní òun ò lè gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀ láìṣẹ̀. Mo ní aṣọ ọmọ mi ni. Ló bá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó dì mí mú.

Abẹ́rẹ́, mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí. Bó ṣe dì mí mú báyìí, gbogbo ara mi ní kí n bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni o, èmi ni mo sì ní kó ṣe é, síbẹ̀ mo ti la ẹnu. Mo wá rántí pé ìwọ dúró síbẹ̀ láìsí apá lára aṣọ rẹ, níwájú gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn. Ojú tì mí. Mo pa ẹnu dé. Ó gbé mi, mo sì dé ilẹ̀.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn níbi tí mo sùn sí. Ẹ̀rù ara mi ni mo rán mọ́ aṣọ rẹ, mo sì ń pè é ní ìfẹ́. Má bínú, ọmọ mi. Lọ jẹ́ kí wọ́n dì ọ́ mú.

Mo dìde, mo bọ́ aṣọ náà, mo yẹ ojú ìrán rẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Òwú kan ò yẹ̀. Mo tún un wọ̀, mo ní kí alápatà tún mi gbé.

Bàbá rẹ